Ojú Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Ṣe

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, àwọn ènìyàn máa ń jókòó sórí àga, wọ́n á gbé ojú wọn sókè, wọ́n á ní kí a bá àwọn bà á jẹ́. Ojú tó dára, tí kò ní àbààwọ́n kankan, ni wọ́n ń fẹ́ kí a sọ di ti ẹranko tàbí ti òkú. Bí a bá ṣe é tán, wọ́n á wo dígí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé, nítorí náà òtútù kò yà mí lẹ́nu. Èyí ló yà mí lẹ́nu.

Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti kúrò ní Ilé-Ifẹ̀. Mi ò ní kọ bí mo ṣe rí ìwé gbà tàbí bí mo ṣe rìn ín. Gbogbo ẹni tó ti rìn ín mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, Mojísọ́lá, ti lọ sílé ọkọ. Ilé wa ní Òkèrèwè wá dákẹ́ jù fún mi. Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ ibòmíràn lè sàn ju tibẹ̀ lọ.

Ìlú kékeré kan létí òkun ni mo dé, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo pàdé obìnrin tó ń gbé ní ilé kejì sí tèmi. Irun orí rẹ̀ ti funfun, nítorí náà mo tẹ orúnkún díẹ̀ nígbà tí mo ń kí i. Ó dúró, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó sì béèrè bóyá orúnkún ń dùn mí. Mo ní rárá. Ó ní òun mọ dókítà orúnkún kan tó dára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oníkálukú wa sì wọ ilé tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni ilẹ̀ gbígbá ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń fi aṣọ eré yá ènìyàn. Sandra ni orúkọ oní-ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ní ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo pè é ní Màdáàmù.

Ó ní, "Sandra ni."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màdáàmù."

Ó wò mí. "Ṣé o fẹ́ máa pè mí bẹ́ẹ̀ títí tí mo fi máa kú ni?"

Mo ní, "Bí Ọlọ́run bá fẹ́, kò ní tètè rí bẹ́ẹ̀, Màdáàmù." Láti ọjọ́ náà kò bá mi jà sí i mọ́.

Òun ní tirẹ̀ ń pe orúkọ mi gan-an, orúkọ tí àwọn òbí mi sọ mí. Kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Nílé, Ìyá Mojí ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń pe orúkọ mi lásán níbí, ó ń ṣe mí bí ẹni tó gbàgbé gèlè sílé. Nígbà tó yá, ó wá ń ṣe mí bí ẹni tó sọ̀ ẹrù kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú wá ń tì mí pé ó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ lára mi.

Kéèkì ni mo ń ṣe nílé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní àdúgbò Mayfair ní Ifẹ̀, níbi tí mo ti ń ṣe ti ìgbéyàwó àti ti ọjọ́ ìbí. Ṣúgà tí a pò títí tó fi le bí ìyẹ̀fun tí a fẹ́ fi ṣe búrẹ́dì ni a fi ń bo kéèkì. A ó nà án pẹlẹbẹ, a ó gbé e lé kéèkì lórí, ṣùgbọ́n ibi etí rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí etí bá nípọn, ẹni tó bá wò ó yóò mọ̀ pé ńṣe ni a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìka tó tutù díẹ̀ ni a fi máa ń rà á jẹ́jẹ́, títí a kò fi ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé ibí, Sandra ń lẹ awọ rọ́bà kan mọ́ iwájú orí ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Halloween ti ń sún mọ́lé, ìyẹn ọjọ́ tí tọmọdé tàgbà wọn máa ń múra bí iwin. Ọwọ́ Sandra ti ń gbọ̀n nígbà náà. Bí ó bá tẹ etí kan mọ́lẹ̀, òdìkejì rẹ̀ á ká sókè. Mo ń nu ilẹ̀ lọ́wọ́. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì gbé igi ìnulẹ̀ ti ògiri.

"Màdáàmù, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbìyànjú rẹ̀."

Mo fi òwú tí mo rẹ sínú oògùn tí wọ́n fi ń yọ́ rọ́bà ra etí awọ náà, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Rọ́bà náà yọ́ mọ́ ara ọmọ náà. Sandra gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí ọmọ ọlọ́mọ.

"Níbo lo ti kọ́ èyí?"

"Lára kéèkì."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gba ẹlòmíràn láti máa gbálẹ̀, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo so ó mọ́ okùn, mo gbé e kọ́rùn lábẹ́ ẹ̀wù. Ẹni tí a bá fún ní kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe àlejò mọ́ pátápátá.

Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ lọ sílé ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lẹ awọ yẹn, ara mi kò balẹ̀. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ojú ènìyàn di ojú iwin nìyẹn.

Nígbà tí mo wà nínú oyún Mojí, ìjọ wa ṣe eré Àjíǹde. Wọ́n ní kí n bá àwọn kun ojú ẹni tó máa ṣe Sátánì, nítorí wọ́n mọ̀ pé mo mọ iṣẹ́ ọnà ṣe. Mo fi èédú àti osùn kun ún. Mo fi ìyẹ̀fun mọ ìwo méjì, mo fi epo ra wọ́n kí wọ́n máa dán. Nígbà tó jáde, àwọn ọmọdé sá wọ abẹ́ àga, àwọn àgbà pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn. Oyún náà ti di oṣù méje.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo bí Mojí. Ètè òkè rẹ̀ là dé ihò imú. Ìyá ọkọ mi, tí a ń pè ní Ìyá Ìlàré nítorí àdúgbò tí wọ́n ń gbé, gbà á lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n sì wò mí.

Wọ́n ní, "Ṣé o rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ?"

Wọn kò pariwo. Wọn kò sì sọ ọ́ lójú mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Nílé wa, wọ́n máa ń kìlọ̀ fún aláboyún pé kó má wo ohun tí ojú rẹ̀ burú, kí ọmọ inú má baà mú un. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tún lọ fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Èyí ni gbogbo agboolé ọkọ mi mọ̀ nípa mi.

Ìyá Ìlàré kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo fẹ́ kọ èyí dáadáa. Ọmọ náà kò lè fa ọyàn. Àwọn ni wọ́n ń fi ṣíbí kékeré kán omi ọyàn sí i lẹ́nu, ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, fún oṣù mẹ́rin gbáko, títí tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn. Ètè náà pa dé. Àpá tó kù kò ju fọ́nrán òwú lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò pa dé. Nígbà tí Mojí di ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi.

Ó ní, "Màámi, ṣé lóòótọ́ ni pé nítorí pé ẹ kun Sátánì ni ẹ ṣe bí mi báyìí?"

Mo ní kó lọ bọ́ aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Kò bi mí mọ́.

Bí mo ṣe wá fi irú iṣẹ́ yẹn ṣe oúnjẹ òòjọ́ níbí, mi ò sọ fún un. Aṣọ ni mo ní mò ń bá wọn tọ́jú.

Gbogbo ọjọ́ Sunday ni a máa ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn ìsìn tirẹ̀. Lọ́dún yìí, nígbà tí oyún inú rẹ̀ wọ oṣù kẹfà, ó pè mí bó ṣe máa ń pè.

"Màámi, kí lẹ jẹ?"

"Búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì lọ́sẹ̀ tó kọjá, búrẹ́dì lónìí. Ìgbà tí ẹ bá máa fi padà wálé, ọ̀bẹ ni a ó máa fi gé yín."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í bí ara rẹ̀ ti rí. Ó ní dáadáa ni, ẹsẹ̀ nìkan ló ń wú. Ó wá ní Ìyá Ìlàré bẹ òun wò lánàá, wọ́n ní kí òun má máa wo dígí mọ́ títí òun á fi bímọ.

Mo mọ ìdí rẹ̀ kí n tó béèrè. "Kí ló dé?"

"Wọ́n ní kí ọmọ má baà mú ètè mi." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò parí. "Mo ti fi ìró bo dígí yàrá. Ọkọ mi ní báwo ni òun á ṣe máa fá irùngbọ̀n. Màámi, ṣé ẹ̀yin náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Mo ní, "Mi ò gbọ́ ọ dáadáa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ò dára."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀ kó tó ní ó dàbọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ní ọ̀sẹ̀ Halloween, obìnrin kan tó ń jẹ́ Kerry wọlé. Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré dání, ó sì ti sanwó sílẹ̀ fún ojú kan tí Sandra fi ọ̀sẹ̀ méjì mọ: ẹ̀dá inú irà, tí awọ rẹ̀ rí bí ti ọ̀pọ̀lọ́, tí ètè òkè rẹ̀ sì là dé imú. Mo ti to awọ náà sórí tábìlì ní ẹ̀yà mẹ́rin. Kerry bọ́ kóòtù rẹ̀, mo wá rí ikùn rẹ̀. Mo bi í pé oṣù mélòó ni. Ó ní méje.

Mo fi òwú ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo lọ bá Sandra lẹ́yìn ilé.

"Màdáàmù, mi ò lè ṣe èyí."

Ó rò pé ara mi ni kò yá. Nígbà tí mo ní rárá, kò bú mi. Ó kàn na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi kí n rí bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n. "Bí o kò bá ṣe é, ta ni á ṣe é? Lọ sọ fún un fúnra rẹ."

Mo padà lọ bá obìnrin náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Níbi tí mo ti wá, aláboyún kì í wo irú ojú báyìí."

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Ọmọ lè mú un."

Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nígbà tí mo lóyún èyí, òkú tí wọ́n hú ni mo ṣe. Wọ́n ṣe ojú mi bí ti ẹni tí kò ní àgbọ̀n rárá. Poppy, yọ ahọ́n sí àǹtí yìí."

Ọmọ náà yọ ahọ́n sí mi. Ó jẹ bísíkíìtì sí gbogbo ojú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe ojú náà.

Mo mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Bóyá èyí ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún un tí mo fi lanu sọ èyí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí níbí. Mo sọ nípa Sátánì ìjọ wa, ìwo ìyẹ̀fun, àti ètè Mojí. Kerry gbọ́ ọ dé ìparí.

"Ọmọ ọdún mélòó ni báyìí?"

"Ọdún mẹ́tàlélógún. Òun náà lóyún."

"Kí lo sọ fún un nípa rẹ̀?"

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

Ó wò mí. Ó kàn jókòó sórí àga, ó gbé ojú rẹ̀ sókè sí mi.

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún Kerry. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún Mojí, dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yà á sórí ìwé fún mi. Ó ní ètè ọmọ máa ń pa dé nínú oyún kí oṣù kẹta tó pé. Èyí tí kò bá pa dé nígbà náà kò lè là nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ó lè wà nínú ìdílé, ó sì lè má sí níbẹ̀, a kò sábà mọ ìdí rẹ̀. Oṣù keje ni mo kun Sátánì. Mo lè ka oṣù. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Kí ló dé tí mi ò sọ? Ìyá Ìlàré wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ṣíbí náà wà lọ́wọ́ wọn. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún ẹni tó gba ẹ̀mí ọmọ mi là pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ mi? Ìdí kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀bi ní ìdí, a mọ ẹni tó jẹ̀ ẹ́. Ohun tí dókítà sọ kò ní ẹni kankan nínú. Ó rọrùn fún mi láti gbé ẹ̀bi ju kí n máa sọ fún ènìyàn pé a kò mọ̀. Mo gbé e títí, mi ò sì wo ẹ̀yìn kí n rí i pé ọmọ náà ń gbé e pẹ̀lú mi.

Mo nu ojú Kerry mọ́. Mo fi gọ́ọ̀mù sí iwájú orí rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, lẹ́yìn náà òkè ètè rẹ̀. Ẹ̀yà tó kẹ́yìn náà kéré, kò ju ìka méjì lọ. Mo fi sùúrù gbé e lé e. Mo tẹ àárín rẹ̀, mo ra etí rẹ̀ lọ sí ọ̀tún àti sí òsì. Mo wo ètè tó là yẹn lójú fún ìgbà pípẹ́, mo sì rántí pé nígbà tí Mojí wà ní ọmọ ọwọ́, ó máa ń fi irú ètè bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi, tí èmi á sì gbé ojú kúrò.

Gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ gbẹ fún ogún ìṣẹ́jú kí a tó kun ọ̀dà. Mo béèrè lọ́wọ́ Kerry bóyá mo lè pe ọmọ mi. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀sán ni, wákàtí kan péré sì ni agogo ilé fi ṣíwájú tiwa ní àsìkò náà.

Mojí ní, "Màámi, òní kì í ṣe Sunday. Ṣé kò sí?"

"Kò sí nǹkan. O bi mí ní ìbéèrè kan nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo fẹ́ dáhùn."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí dókítà ṣe yà á sórí ìwé. Mo ní, "Bí ọmọ inú rẹ bá tún ní in, a ó tún un ṣe bí a ṣe tún tìrẹ ṣe. Kò ní jẹ́ nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni wò. Kò ní jẹ́ nítorí dígí."

Mo gbọ́ tí ọ̀kadà kan kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Oṣù keje ni ẹ kun ún?"

"Oṣù keje."

"Dókítà sì ní kó tó pé oṣù mẹ́ta."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì ti mọ̀ láti ìgbà yẹn."

"Mo ti mọ̀."

"Mò ń bínú sí yín, Màámi."

"O lẹ́tọ̀ọ́."

"Ẹ má pè mí lọ́jọ́ Sunday. Bí mo bá bínú tán, èmi ni mo máa pè yín." Ó fọn imú. "Níbo lẹ wà tó ń pariwo báyìí?"

Mo sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún un. Mo sọ ti Kerry, ti oyún inú rẹ̀, àti irú ojú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ wá ń kun Sátánì fún òyìnbó."

"Kì í ṣe Sátánì. Ẹ̀dá inú irà ni."

"Ẹ tan kámẹ́rà yín. Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Ẹ̀rù bà mí. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara mi sọ, ẹ̀rù ṣì bà mí, ìka mi sì dúró lórí fóònù. Mo wo Kerry. Ó ti jókòó dáadáa, ó ń dúró. Mo tan kámẹ́rà, mo yí i sí i.

Ojú Mojí hàn lójú fóònù. Ó sún mọ́ ọn. Ó wo iwájú orí, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì dúró síbi ètè. Kerry gbé ọwọ́ kan sókè, ó jù ú sí i jẹ́jẹ́. Mojí náà ju ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára ètè náà.

Ó wá ní, "Màámi, etí rẹ̀ lápá òsì, lábẹ́ imú, ti fẹ́ ṣí."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó. Òótọ́ ni. Mo gbé fóònù ti dígí kó lè máa rí wa, mo mú òwú, mo sì rà á jẹ́jẹ́ títí Mojí fi ní ó ti tó.